Àgò Onílé ní Mẹ́síkò

Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ohùn Aunty tó kọ́ wa ní ìtàn ní Ìkòsí ni mo máa ń gbọ́: "Àgò onílé o!" Ìlẹ̀kùn ì báà ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á dúró síta, wọ́n á kágò. Bó bá sì jẹ́ ilé àtijọ́, wọ́n á fọwọ́ pa ògiri rẹ̀, wọ́n á ní, "Ta ló po amọ̀ yìí ná?"

Nígbà tí iléèwé kó wa lọ wo àwọn ìlú tí àwọn ará Sípéènì tẹ̀ dó ní Mẹ́síkò láyé àtijọ́, a sáré wọ ilé ńlá kan. Aunty dúró síta, wọ́n kágò. Ta ni wọ́n ń pè gan-an?

Afinimọ̀nà wa rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́, Mà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí ni wọ́n ń wí. Afinimọ̀nà ṣàlàyé fún un. Ìyá gbé ọwọ̀ sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Afinimọ̀nà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó ní orí ilẹ̀ àwọn baba ńlá òun ni wọ́n kọ́ ilé yìí sí. Ó ní ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa tọrọ àyè."

Àwa tá a ti wọlé jáde padà síta. A tò sẹ́nu ọ̀nà, a kágò.