Pákó Abẹ́ Òpó Ìwọ̀n

Ní àárín àwọn ọdún 1980, lábẹ́ ìjọba ológun, nígbà tí iṣẹ́ olówó-oṣù ṣọ̀wọ́n bí ojú, iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa rán mi lọ sí pápá kan ní Festac, kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń gba àwọn obìnrin sí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí nígbà náà, ara mi kì í balẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ṣì rọ̀ fún ẹrẹ̀.

Wọ́n lẹ ohun tí wọ́n ń béèrè mọ́ ẹnu ọ̀nà: ìwé mẹ́wàá, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí, onídùúró, ìwà rere, àti gíga. Gíga yìí ló ń lé wọn padà. Láàárín wákàtí kan, obìnrin mọ́kànlá ti kọjá lára mi pẹ̀lú omijé.

Ẹni kejìlá ni Sidíkátù, télọ̀ láti Ijegun-Egba. Téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bíi ti télọ̀ tó gbàgbé pé òun ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Sájẹ́ǹtì tó ń wọn gíga ní kó dúró ti òpó ìwọ̀n, ó sì wo nọ́ńbà ara rẹ̀. “O kúrú. Ínṣì kan ló kù. Ẹlòmíì!”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò kúrú. Èmi ni mò ń rán aṣọ ara mi.”

“Ṣé aṣọ la wá rán níbí?”

Àwọn ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. Sidíkátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na téèpù láti ilẹ̀ títí dé ìdí òpó náà. Ló bá kígbe: “Ẹ wá wò ó o! Wọ́n gbé òpó lé orí pákó, wọ́n ní kí àwa dúró nílẹ̀! Pákó ọ̀hún nípọn tó ínṣì méjì!”

“Nítorí ẹrẹ̀ la ṣe gbé e lé e,” ni sájẹ́ǹtì wí. “Kí ló kàn ọ́ ńbẹ̀?”

“Ó kàn mí, ọ̀gá. Ẹ yọ ọ́, àbí kí ẹ fún èmi náà ní pákó tèmi.”

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Àwọn mọ́kànlá tí wọ́n ti lé, tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wá jókòó tì í, àwọn tó wà lórí ìlà náà jókòó. Mo ti ìwé mi bọ àpò, èmi náà jókòó. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, tìbọntìbọn.

“Ta ni olórí yín?” ni ọ̀kan nínú wọn bi wá.

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn: “Téèpù ni!”

Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjì lù, ọ̀gá wọn dé. Ó bọ́ fìlà, òun fúnra rẹ̀ dúró ti òpó. Sájẹ́ǹtì wo nọ́ńbà, ó rí i pé òpó ti gé ọ̀gá náà kúrú, kò lè kà á síta. Ọ̀gá náà ní, “Ẹ yọ pákó yẹn.” Wọ́n tún àwọn méjìlá náà wọ̀n. Méje yege, Sidíkátù wà nínú wọn.

Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o: bí mo bá wọ iṣẹ́ yìí, abẹ́ nǹkan ni màá kọ́kọ́ máa wò.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fi orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sí i, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mo yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

“Ìwé ìròyìn yín ló wà lórí tábìlì àwọn ọlọ́pàá nígbà tí wọ́n pè mí láti yẹ ìwà mi wò, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, ‘Ṣé ìwọ nìyí?’ Mo ní èmi ni. Wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù mi pé ìwà mi ò bá iṣẹ́ náà mu.”

“O ní kí n kọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́.”

“Ọ̀rọ̀ mi ni mo ní kí ẹ kọ. Ẹ ò bi mí nípa orúkọ mi.”

Àwọn mẹ́fà tó kù wọ aṣọ ọlọ́pàá. Ìjà wa ló gbà á fún wọn, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń jà lónìí, ẹ wo fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Ẹnikẹ́ni lè fi téèpù yẹ gíga wò. Ta ló ń yẹ ẹni tó ń wọn ìwà wò? A ò bi wọ́n lọ́jọ́ náà, a ti ń yọ̀.

Olóòtú mi ní ìròyìn náà ti tán, ká wá òmíràn. Mo gbà fún un. Mi ò kọ ìlà kan nípa bí wọ́n ṣe lé Sidíkátù padà, àfi èyí tí ẹ ń kà yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ lọ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ orúkọ rẹ̀.