Ọjọ́ Tí Mo Kí Igi Máńgòrò

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Tanke ló sọ fún mi nípa igi máńgòrò arúgbó tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀mù-Àrán dé sí yunifásítì ni. Òun ti wà ní ọdún àṣekágbá.

"Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò bá bọ́ bàtà kí igi yẹn, kò ní yege ìdánwò," ó wí. "Bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe bá a nìyẹn."

Ọmọ ààfáà ni, láti agboolé àwọn oníwàásù. Mo ní kó búra. Ó ní òun kì í búra lórí ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí igi, mo bá ní, "Ẹ káàsán, sà."

"Wa alaekumu salaamu," ni ohùn kíki kan dáhùn. "Kí ló ń dà ọ́ láàmú?"

Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá tú ọ̀rọ̀ inú mi síta: pé físíìsì kò yé mi, pé ojú ń tì mí láti béèrè, pé tíṣà ni bàbá mi, n kò sì mọ bí n ó ṣe sọ fún un pé mo fẹ́ padà sílé.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn igi. Àwọn mẹ́rin ló fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló yí ohùn padà tó ń dáhùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ó tó!" ó sọ fún wọn. Ó yíjú sí mi. "O ò sọ fún mi pé ìwé ń le mọ́ ẹ."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mà."

"Mo sì ti fi ẹ́ ṣe é. Má bínú, àbúrò mi."

Láti ọjọ́ kejì, tó bá ti kírun àsárì tán, ó ń kọ́ mi ní físíìsì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Á ju ọsàn sókè, á ní kí n sọ ibi tí eré rẹ̀ ti máa tán. Bí mo ṣì í lẹ́ẹ̀mẹwàá, kì í kanra. Mo yege. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní igi ló jẹ́ fún mi, àwọn kan tilẹ̀ lọ kí i.

Òkè-Oyì ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe tíṣà báyìí. Nígbà tí mo lọ kí i, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní kò yé òun. Ẹ̀gbọ́n mi fi pátákó sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Ibo ló ti dojú rú mọ́ ẹ lójú?" ó bi í. "Jẹ́ ká jọ padà síbẹ̀."