Wọ́n Ní Bàbá Lè Dá Rìn

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ badante, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, nílé sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, nílùú Turin lókè òkun. Èmi àti ìyàwó wọn la jọ ń gbé wọn dìde láàárọ̀, la jọ ń wẹ̀ wọ́n. "Signore", bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbẹ̀, ló ń jáde lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n Bàbá ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi, ìyàwó wọn sì ni Ìyá.

Ẹ̀dọ̀fóró Bàbá ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba rán wọn lọ sí orílẹ̀-èdè kan tí ogun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, pé kí àwọn àti ẹgbẹ́ wọn máa ṣa bọ́ǹbù tí kò tíì bú, kí wọ́n máa mú kó bú nínú kòtò. Eruku rẹ̀ ni wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi bo imú. Bàbá fúnra wọn ló sọ fún mi, wọn ò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn.

Nígbà tí èémí wọn ò gbé wọn dé ojú fèrèsé mọ́, Ìyá kọ̀wé béèrè owó tí ìjọba máa ń fún sójà tí iṣẹ́ ogun bá sọ di aláìlera. Lẹ́tà tó padà wá ní àìsàn yẹn ò kan iṣẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sìgá ló fà á. Bàbá ò fẹnu kan sìgá rí láyé wọn! Ìyá gbé ricorso dìde, ìyẹn ni pé wọ́n ní àwọn ò gba ìpinnu náà, kí ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó náà tún un wò. Bí ọ́fíìsì ṣe ní kí Bàbá wá fara han dókítà nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àtẹ̀gùn ni èmi àti Bàbá gùn dé àjà kejì. Ẹ̀yìn mi ni Bàbá fara tì, ìgbà mẹ́fà la sì jókòó sinmi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà dókítà, Bàbá yọ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tún kọ́là ẹ̀wù wọn ṣe, wọ́n nàró ṣánṣán, wọ́n sì wọlé bí ẹni tó ń lọ kí ọ̀gágun.

Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Dókítà náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Signora, ẹ dúró síta."

"Dókítà, èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń mí."

"Kò sẹ́ni tó bi yín. Ẹ dúró síta."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Bàbá fi jáde. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ṣubú lé, ètè wọn ti dúdú.

"Kí ló bi yín?"

"Ó ní ṣé mo lè dìde. Mo dìde."

"Ẹ ò sọ fún un pé ẹ̀yìn mi lẹ fara tì gòkè ni?"

"Sójà kì í sunkún níwájú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Inú bí mi sí dókítà, ó sì bí mi sí Bàbá pẹ̀lú. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé dé: aláìsàn dá wọlé, ó dá jáde, kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo jẹ́ ìrànlọ́wọ́ yẹn, ìta ni wọ́n tì mí sí.

Ìyá gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. A ń retí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ni Bàbá kú, lórí àga wọn, lọ́sàn-án gangan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ọ́fíìsì kan náà fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Bàbá pé kí wọ́n tún wá fara han dókítà. Bí wọn ò bá wá, àwọn ó ti fáìlì wọn pa.

Ìyá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín kan tí n kò fẹ́ rántí. "Ó tó," ni wọ́n wí. "Mi ò jà mọ́. Ìjà ò lè jí ọkọ mi dìde."

Mo ti rí àwọn opó sójà ní orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹnìkan lè gbà pé ọkọ wọn kú. Mo rò pé òyìnbó kì í ṣe irú rẹ̀. Òyìnbó ń ṣe é. Wọ́n kàn ń fi lẹ́tà ṣe é ni.

"Ìyá," ni mo wí, "wọ́n pe ọkọ yín ní òpùrọ́, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ṣé bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn?"

Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n múra, ìlú Padua là ń lọ.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ń gbé ní Padua, tí àwọn méjèèjì jọ ṣa bọ́ǹbù. A bá a lórí àga, rọ́bà atẹ́gùn nímú rẹ̀. Ó ní òun náà ti kọ̀wé rí, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ ọ́, òun sì fi í sílẹ̀. Ìyá ní kó wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Ó béèrè aago tí ọkọ̀ ojú irin Turin ń gbéra.

Ó wá lóòótọ́, ó fa àgbá atẹ́gùn rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́, ó sọ ti kòtò, ó sọ ti eruku. Nígbà tó kàn mí, lọ́yà ọ́fíìsì dìde.

"Ṣé dókítà ni yín?"

"Rárá."

"Àwọn wo ló ń sanwó fún yín?"

Mo mọ ibi tó ń lọ. Ara mi gbóná. "Bàbá àti Ìyá ni. Ọ́fíìsì ló sì ń sanwó fún dókítà yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi rí Bàbá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi rí wọn."

Adájọ́, obìnrin ni, ní kí n rọra. Ó wá bi mí pé báwo ni Bàbá ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Mo sọ ti àtẹ̀gùn fún un, ìsinmi kọ̀ọ̀kan, títí dé orí bẹ́ǹṣì. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀.

Ó yan dókítà mìíràn, tó ka gbogbo àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn ti ṣe. Oṣù púpọ̀ kọjá kí Ìyá tó pè mí lórí fóònù. "Wọ́n gbà," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní iṣẹ́ ló pa ọkọ mi. Wọ́n ní mo lẹ́tọ̀ọ́ sí owó opó." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sunkún, mo sì dúró tì wọ́n lórí fóònù náà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ka ìwé ìdájọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ń wá "ẹ má bínú" nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti sọ pé Bàbá kì í ṣe òpùrọ́. Inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò pé yóò dùn, mo sì sọ fún Ìyá bẹ́ẹ̀.

"Èmi náà," ni wọ́n wí. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ Bàbá ní Padua pé kó tún kọ̀wé tirẹ̀. Ó ní òun ò lókun mọ́. Ìyá ní kò burú, pé àwọn ṣì lókun. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Ìyá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a, ẹ̀dà ìwé ìdájọ́ wà nínú báàgì wọn.