Wọ́n Gbé Kánópì Lé Orí Ọkọ Sìkírátù

Màmá Sìkírátù Àmọ̀dá kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ní Ìyànà Ìyẹsí, Ọ̀tà. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwọn àáfà ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín sí itẹ́ òkú ìjọba, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, a ṣe Ọjọ́ Ìtàn Àdúgbò, alága ẹgbẹ́ onílé sì ní kí gbogbo wa dìde fún un fún ìṣẹ́jú kan. Èmi náà dìde. Mi ò sunkún. Ṣe ni gbogbo ara mi kú, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sọjí.

Ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá lọ́wọ́ màmá yìí rí, ẹ ò lè gbàgbé. Kí ẹ tó já ẹrù yín, á mú yín lọ síwájú ilé, níbi tí àwọn àgbà ilé Àmọ̀dá sùn sí lábẹ́ sìmẹ́ńtì, ọkọ rẹ̀ Ìsmáílà láàárín wọn. Á ní, “Bàbá Ṣùkúrát, ayálégbé tuntun dé o. Ará Ìwó ni, iléeṣẹ́ irin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má wò ó bí àlejò.”

Nígbà tí fásitì dé, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń bẹ̀rù ibojì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá. Jabez, tó ń bá ìjọ kan ṣiṣẹ́, kọ̀ jálẹ̀: “Mummy, a kì í kí òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Mi ò ní kí o sìn wọ́n, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ máa gbélé onílé láì kí onílé ni?”

Títí Jabez fi kó lọ, kì í kọjá láàárọ̀ láì sọ pé, “Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ìgbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́ gbọ̀ngàn ìtàn sí, kí àwọn ọmọ tí à ń bí sáàárín iléeṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì lè mọ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibí dó. Màmá fi ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, ó fi iwájú ilé kún un. Ohun méjì ló bèèrè: kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó sùn síbẹ̀ sára ògiri, kí wọ́n sì fi àyè òun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun. Alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Cornelius Oyèwùmí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níṣojú wa: “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tiyín ti parí.”

Ó parí lóòótọ́. Wọ́n wó fáráńdà, wọ́n tẹ́ òkúta íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo iwájú ilé, kí mọ́tò àlejò lè ríbi dúró. Orúkọ tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn ni ti alága, ti akọ̀wé àti ti àwọn tó dáwó. Ṣé ìtàn àdúgbò nìyẹn, àbí ìtàn ìgbìmọ̀? Màmá lọ bá wọn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní kó ní sùúrù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Ṣùkúrát ọmọ rẹ̀ sáré lọ bẹ alága pé kí wọ́n hú òkúta díẹ̀, kí àwọn lè gbẹ́lẹ̀. Alága nawọ́ sí kánópì tí wọ́n ti ta síbẹ̀.

“Ìwọ náà wò ó. Àwọn VIP ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé màmá sí mọ́ṣúárì títí di Monday.”

“Mùsùlùmí ni wá, sà.”

Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun bá wọn kẹ́dùn.

Ẹni tó fi ilẹ̀ ta wá lọ́rẹ kò rí ilẹ̀ sùn sí. Ní Sátidé, a jẹ ìrẹsì, a pàtẹ fọ́tò àtijọ́, ọmọ ilé-ìwé kan kéwì nípa àwọn baba ńlá wa. Orí wọn gan-an la to àga sí. Ta la ń tàn jẹ? Ẹ rántí o, adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé.

Èmi àti Ṣùkúrát lọ bá alága àti akọ̀wé ní gbọ̀ngàn ní Mọ́ńdè. Mo ní kí wọ́n hú òkúta yẹn, kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n ṣèlérí, kí wọ́n sì bá wa bi àwọn àáfà bí màmá ṣe lè padà sílé. Kò jiyàn. Mo ní kó fi ibi tí Ìsmáílà wà hàn mí. Ó nàka sí ìdí géètì. Akọ̀wé mi orí, ó na tirẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. A wo Ṣùkúrát.

“Ògiri fáráńdà ni mo fi ń mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ẹ ti wó o.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo ń sọ ọ́ níṣojú gbogbo Ọ̀tà: ẹ hú gbogbo òkúta yẹn.