Màmá Kì í Kọjá Òṣìṣẹ́ Láìkí I

Bí ìyá ọkọ mi bá rí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, kò lè kọjá kó má kí i. Màmá Olúfúnmi, ará Ìkẹ́nnẹ́, tó fi gàrí dídín tọ́ ọmọ mẹ́rin, wá bá wa gbé ní Salford, nílùú Ọba, lọ́dún 2011 lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò wa ti ń gba "ẹ kú iṣẹ́ o" lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìtẹríba díẹ̀. Ẹni tó ń nu fèrèsé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá tó kàn dúró tí kò ṣe nǹkan kan, gbogbo wọn ló ń kí.

Ojú a sì máa ti Fúnṣọ́ ọkọ mi. Ọkùnrin yìí, bí ẹnìkan bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú ṣọ́ọ̀bù, á wo bàtà ara rẹ̀ bóyá ó tẹ nǹkan.

"Màmá, wọn kì í kí ènìyàn báyìí níbí. Wọ́n á rò pé orí yín ò pé."

"Fúnṣọ́, ọjọ́ pẹ́ tí mo fi jókòó ti iná gàrí. Ẹni tó bá kọjá tí kò kí mi, mo máa ń rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Nígbà tó di 2014, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Á fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí. Òtútù náà sì ti sú u. Fúnṣọ́, tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju bó ṣe lè sọ lẹ́nu lọ, gba gbogbo holiday rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kó wa wọ bàálù lọ sí Barbados, torí ó gbọ́ pé ọgbà pọ̀ níbẹ̀ àti pé oòrùn ibẹ̀ jọ ti ilé.

Òótọ́ ni. Nínú ọgbà àkọ́kọ́ tí a wọ̀, Màmá dúró lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé owó lẹ san kí ẹ tó wo èyí? Fúnṣọ́, wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Ọgbà kejì wà nínú àfonífojì, ọ̀pẹ àti òdòdó pupa ní ọ̀tún àti òsì, ọ̀bọ lórí igi. Àwọn òṣìṣẹ́ ń roko káàkiri, Màmá sì ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Fúnṣọ́ sáré ṣíwájú, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ni. Èmi dúró ya fọ́tò ọ̀bọ. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, Màmá ò sí mọ́.

Kò ní fóònù lọ́wọ́, kò mọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá "thank you". Ọ̀nà pín sí mẹ́ta níbẹ̀, kòtò jíjìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Màmá, Màmá" láàárín àwọn àlejò. Gbogbo ojú ló ń wò ó, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń gé ẹ̀ka igi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.

"Ìyá àgbà tó tẹríba fún mi yẹn lẹ ń wá? Apá òsì ló gbà. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Obìnrin tó ń bomi rin òdòdó ní Màmá di òun lọ́wọ́ mú, ó sì nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Bàbá tó ń gbá ewé níbẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ ká béèrè. Ó wo ojú Fúnṣọ́, ó ní, "Ìwọ lọmọ rẹ̀. Ó wà níwájú."

Orí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni Màmá jókòó sí, láàárín àwọn obìnrin tó ń jẹun ọ̀sán. Ó ń fa koríko imí-eṣú kúrò nínú òdòdó wọn, ó sì ń fa òdòdó náà mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra ń gbìn ín padà lẹ́yìn rẹ̀.

Fúnṣọ́ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Èmi náà mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì gbà mí.

"Màmá, níbo lẹ lọ?"

"Mo ń kí àwọn ènìyàn ni. Ẹ̀yin lẹ sọnù."

Ọ̀nà kan náà la gbà padà. Níwájú bàbá agbálẹ̀, níwájú obìnrin abomi, níwájú ọkùnrin orí igi, ọkọ mi dúró, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú iṣẹ́, mà." Màmá dúró tì í, ó ń mirí bí olùkọ́ tí ọmọ iléèwé rẹ̀ yege.

Kò pẹ́ tí a dé Salford tí Màmá ti gbàgbé Barbados pátápátá. Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ ìró ọkọ̀ ìdọ̀tí láàárọ̀ Monday, ó dìde. Fúnṣọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é.