Agoritsa, Orúkọ Tí Wọ́n Fi Tọrọ Ọmọkùnrin

Ọmọbìnrin mẹ́rin ni Haido ti bí fún Zikos, darandaran kan lórí òkè Epiro ní ilẹ̀ Gíríìsì, kó tó bí ìkarùn-ún. Ojú Zikos le koko. Ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọkùnrin níbẹ̀, agori, ó yí ìparí rẹ̀ kó lè bá obìnrin mu, ó ní Agoritsa lọmọ náà yóò máa jẹ́, kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ akọ.

Ẹ̀bẹ̀ náà gbà. Lọ́dún kejì, wọ́n bí Zisis. Zikos gbé Agoritsa kọ́ èjìká yí abúlé ká, ó ń pariwo pé, "Ẹ wá wo ẹni tó mú àbúrò rẹ̀ wá!"

Ibà pa Zisis lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Agoritsa bu omi fún bàbá rẹ̀. Bàbá kò gbà á.

"Ìwọ tó o mú un wá, kí ló dé tó ò dì í mú?"

Agoritsa kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Ó da àgùntàn, ó lọ́kọ, ó bí Sterios, ó di opó. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá pe orúkọ rẹ̀ lókèèrè, àyà rẹ̀ á já.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún dáadáa nígbà tí Anthoula, ìyàwó Sterios, bí àkọ́bí rẹ̀, obìnrin. Lọ́dọ̀ wọn, orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Sterios sáré dé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, Agoritsa kejì ti dé o!"

"Má fi orúkọ mi sọ ọ́."

"Háà! Wọ́n á ní mo bá ìyá mi jà ni."

"Jẹ́ kí wọ́n wí."

"Ó dáa, kí ló fà á?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ ìsìnkú fún un, fún ìgbà àkọ́kọ́. Sterios họ orí.

"Bàbá àgbà tó ti kú tipẹ́! Orúkọ lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Agoritsa wọ bàtà, ó gba ilé Filio lọ. Filio ni ìyá ìsàmì ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ lorúkọ yóò sì ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Filio, orúkọ ìyá Anthoula ni kó o pè. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ìyá, Sterios á pa mí o!"

"Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, àlùfáà béèrè orúkọ. Filio wo Sterios, ó wo ìyá àgbà.

"Vasiliki."

Ìyá Anthoula bú sẹ́kún ayọ̀. Sterios jáde kí wọ́n tó fi òróró pa ọmọ náà lára tán. Níbi àsè, kò sẹ́ni tó jókòó ti Agoritsa. Wọ́n ní arúgbó náà kọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Anthoula nìkan ló wá, tó gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀.

"Vasiliki," ni Agoritsa pè é. "Vasiliki." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ Agoritsa mọ́ lẹ́yìn òun, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Nígbà tí òtútù dé, Sterios kó igi ìdáná wá, ó tò ó ti ògiri.

"Ó gbẹ dáadáa," ló wí.

"Wọlé wá mu kọfí."

"Ó dọjọ́ mìíràn, Màmá."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.