Ẹni Tí Ajá Ń Rán Níṣẹ́

Àdìó kò lè jókòó. Bí ẹ bá gbé àga fún un, ìdajì ìdí ni yóò fi kàn án, ìdajì yòókù ti ń múra ìrìn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Dùgbẹ̀, iṣẹ́ agogo sì ni iṣẹ́ náà. Ọ̀gá yóò tẹ agogo orí tábìlì, Àdìó yóò dìde. Kò gbọdọ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì ni o, tíì ọ̀gá ni o, lẹ́tà tó ń lọ sí Òkè-Àdó ni o, ẹsẹ̀ Àdìó ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní ọdún 1984, orúkọ tirẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Agogo dákẹ́, ẹsẹ̀ kò gbà. Odidi oṣù mẹ́fà ló fi ń rìn láti Agbowó dé Challenge láìsí ẹni tó rán an.

Dókítà Akínbíyìí ló gbà á síṣẹ́ ní Bódìjà, ó sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ náà kò ju ìtọ́jú ọmọ ajá méjì lọ, irú èyí tí etí wọn máa ń dúró ṣánṣán, tí àwọn ọlọ́pàá ń lò. Dókítà rà wọ́n nítorí àwọn adigunjalè tí kò jẹ́ kí àdúgbò sùn. Bíńgò lorúkọ ọ̀kan, Jáàkì lorúkọ èkejì, wọn kò sì tíì pé oṣù márùn-ún. Dókítà ní kí káfíńtà sọ àpótí ńlá tó fi kó ẹrù dé láti ìlú òyìnbó di ilé wọn, kí ó fi wáyà ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Bàbá Àdìó," ó ní, "inú àpótí yìí ni kí wọ́n máa sùn, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa wà bí a bá ní àlejò. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́ wọn lára. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa gbó ṣáá o."

Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó wọ mọ́tò, ó di ọsibítù. Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò ní í ṣe é. Àwọn ọmọ ajá wọ̀nyẹn, ara wọn kò lélẹ̀ rárá. Wọ́n jẹ bàtà, wọ́n hú òdòdó, wọ́n fa ṣòkòtò dókítà lulẹ̀ lórí okùn tí wọ́n sá a sí. Bí Àdìó bá tì wọ́n mọ́ àpótí, kò ní tíì yí ẹ̀yìn padà tán tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, tí etí ẹni á máa hó.

Ní Ìgbòho tí wọ́n ti bí Àdìó, a kì í jẹ́ kí ọmọ ké títí. Ọmọ ké, ẹnì kan gbé e pọ̀n, ó parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe fún ajá. Wọ́n gbó, ó sáré dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó ju egungun sí wọn, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dákẹ́. Ó tì wọ́n mọ́lé, wọ́n tún gbó, ó tún sáré dé. Lọ́jọ́ tí inú bá bí i, yóò fi igi lu orí àpótí, yóò bú wọn tìyá-tìyá, wọn á sì gbó jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò mọye ìgbà tó ń lọ sẹ́yìnkùlé lójúmọ́ mọ́.

Ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé náà àti ilé Alhaja Zùwáírátù, fèrèsé Alhaja sì kọjú sí ibẹ̀ gan-an. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, opó ló wà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fi jáde nílé. Ẹlòmíràn tí ariwo bá sú lè lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. Alhaja kò lè lọ síbì kankan, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàdírátù ọmọ rẹ̀ wá bá dókítà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, sà. Màámi ò rí oorun sùn, wọn ò sì lè kúrò nílé."

Ojú ti dókítà. Bí ọmọ náà ṣe lọ tán, ó pe Àdìó.

"Bàbá, opó ni ìyá yẹn ń ṣe, àwa la ò jẹ́ kó sinmi. Mò ń lọ sí Kàdúná lọ́la, Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa dé. Tí mo bá dé tí ọ̀rọ̀ ò yí padà, màá kó àwọn ajá yìí fún ẹnì kan ní Ring Road tó ti ń tọrọ wọn. Tí wọ́n bá sì ti lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò síṣẹ́ mọ́."

Ẹ̀rù ba Àdìó. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ta ni yóò tún gbà á? Wọ́n á dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún méjì. Àti pé, ká sòótọ́, ó ti fẹ́ràn àwọn ajá náà. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ń yọ̀ bó bá rí i.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sá kiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Túsìdeè, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí, wọ́n fa búláńkẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n fà á ya. Ó fi àkísà di Bíńgò lẹ́nu, ojú tí ajá náà fi wò ó kò jẹ́ kí ó lè fara dà á, ó tú u. Ní àárọ̀ Wẹ́sídeè, bó ti ń sáré bọ̀ nígbà kẹfà, ó gbọ́ ohùn láti òdìkejì ògiri.

"Àdìó."

"Alhaja, ẹ forí jìn wá, mà. Mo mọ̀ pé—"

"Mi ò pè ọ́ fún ẹ̀bẹ̀. Jókòó."

"Ìdúró dára, mà."

"Mo mọ̀ pé o ò lè jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń gbọ́ látàárọ̀. Láti oṣù méjì tí mo ti wà nílé, mi ò ní iṣẹ́ kan ju kí n gbọ́ lọ, mo sì mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn ju ìwọ fúnra rẹ lọ. Wọ́n á gbó lẹ́ẹ̀mẹta, wàá dé. Lánàá tí o lọ pọnmi, wọ́n gbó títí o fi dé. Wọ́n ti wá mọ̀ pé bí díẹ̀ ò bá tó, púpọ̀ á tó. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n pè ọ́ tí o ò jẹ́."

"Bí ọmọ bá ń ké ńkọ́, mà? Ká máa wò ó?"

"Ọmọ tébi ń pa ni wàá gbé. Àwọn wọ̀nyẹn ti yó. Bàdírátù sọ fún mi pé mẹ́sẹ́ńjà ni ọ́ nígbà kan. O ò tíì fẹ̀yìn tì o, Àdìó. Ajá ló ń rán ọ níṣẹ́ báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ó rántí agogo orí tábìlì yẹn àti bí itan rẹ̀ ṣe máa ń gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

"Kí ni kí n ṣe, mà?"

"Èmi náà wà nínú àpótí," ni Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹní mi wà níbẹ̀, tẹ̀súbáà mi wà níbẹ̀, oúnjẹ ń bá mi níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n lo sọ tiwọn dà. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sáré títí á fi rẹ̀ wọ́n. Gbé oúnjẹ wọn sínú àpótí, má tì í. Bó bá yá, tí wọ́n ń wọlé fúnra wọn, tì í fúngbà díẹ̀. Tí wọ́n bá gbó, má wojú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni kí o ṣí i. Kí o sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń rí ọ."

"Ariwo yẹn á pa yín lára, mà."

"Èyí tó ti pa mí lára pọ̀. Mo yọ̀ǹda ọjọ́ mẹ́ta sí i fún ọ."

Ní ti eré sísá, ọwọ́ Àdìó lọ̀rọ̀ wà. Ó so wọ́n lókùn, ó bá wọn sáré dé iwájú géètì Yunifásítì ní Agbowó, wọ́n sì padà pẹ̀lú ahọ́n níta. Ó tẹ́ aṣọ kakí tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba sínú àpótí, ó gbé àwo oúnjẹ lé e, wọ́n wọlé. Ní ọ̀sán, ó tilẹ̀kùn, ó gbé bẹ́ńṣì, ó jókòó.

Ìyẹn ni ìyà. Wọ́n gbó. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun, Àdìó rí i lọ́jọ́ náà. Òógùn bò ó. Ó gbá eékún rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni tó mú olè. Ó fẹ́ dìde, ó ka ọgọ́rùn-ún, ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti gbéra tán tí ohùn Alhaja bá a láti òdìkejì ògiri, pé, "Jókòó." Ìgbà tí wọ́n dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á gbọ́. Ó ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, igbe náà kò gùn tó tàná. Ní Fúráídè, bí wọ́n ti ń kírun Jímọ́ọ̀ lọ́wọ́, àwọn ajá méjèèjì wọ àpótí láìsí ẹni tó pè wọ́n, wọ́n sùn lórí kakí.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n wà nínú àpótí, ilẹ̀kùn wà ní títì, Àdìó sì wà lórí bẹ́ńṣì, nígbà tí dókítà fun fèrè mọ́tò lẹ́nu géètì. Ajá méjèèjì fò dìde, wọ́n fi igbe ta. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta dòfo lójú Àdìó. Dókítà yọ sẹ́yìnkùlé tòun ti báàgì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti rọ.

"Bàbá Àdìó, mò ń gbọ́ wọn láti títì. Ẹ dìde, ẹ lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Itan Àdìó gbéra. Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀, ajá ló ń gbó, méjèèjì ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò ní dìde."

"Kí lẹ wí?"

"Mi ò ní dìde, sà. Ẹ má pe orúkọ wọn. Ẹ dúró díẹ̀."

Láti ọjọ́ tí Àdìó ti ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn, kò sọ fún ọ̀gá kankan rí pé kó dúró. Dókítà dúró nínú oòrùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àwọn ajá gbó, wọ́n wo Àdìó, wọ́n gbó. Jáàkì ló kọ́kọ́ sinmi. Bíńgò dá gbó lẹ́ẹ̀kan, ó tún dá gbó, ó wo èkejì rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí kakí. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí Bàdírátù ṣe ń gbálẹ̀ ní òdìkejì. Àdìó ka ogún. Ó wá dìde, ó rọra ṣílẹ̀kùn.

Dókítà sọ báàgì kalẹ̀. "Ta ló kọ́ yín?"

Àdìó nawọ́ sí ògiri.

"Ẹ kú àbọ̀, Dókítà," ni Alhaja wí láti inú fèrèsé. "Ẹ fi àwọn ajá sílẹ̀ fún un. Èmi ò rojọ́ mọ́."

Dókítà wo àwọn ajá, ó wo Àdìó tó ti dúró ṣánṣán tí ó ń retí iṣẹ́. Ó fa bẹ́ńṣì náà wá fún un fúnra rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Àdìó jókòó. Gbogbo ìdí rẹ̀ ló fi kan bẹ́ńṣì.